Àdògán Tí Màmá Mi Ń Kùn

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà lóṣù tí kì í ṣe oṣù ààwẹ̀, ẹ ó rí ohun gìdìgbà kan lábẹ́ páánù, tí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé lórí kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Àwọn àlejò máa ń rò pé jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́ ni. Àdògán ni. Alámọ̀ ni, Màmá mi ló fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n. Apá kan rẹ̀ gba agbada àkàrà, apá kejì gba ìkòkò ògì, ẹnu tí à ń ki igi bọ̀ sì fẹ̀ débi pé adìyẹ aládùúgbò kan wọ inú rẹ̀ lọ́dún kan, ó yé, ó sàba, ó sì kó ọmọ jáde kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Màmá bínú sí adìyẹ náà bí ẹni tó ń bá èèyàn jà. Wọ́n ní, "Ṣé ilé ìgbẹ̀bí ni mo mọ síbí ni?" A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà.

Oṣù kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń dáná sí i, ìyẹn oṣù Ràmàdáánì. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á din àkàrà, wọ́n á po ògì, ẹni tó bá gbààwẹ̀ ládùúgbò wa á sì gbé abọ́ wá gba ìṣínu. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé ọlọ́lá máa ń wá, àwọn tó ń la pákó lọ́jà pákó máa ń wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Agbówó náà ń wá. Kódà mo máa ń rí àwọn kan níbẹ̀ tí mo mọ̀ dáadáa pé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá ń fi ojú wo irú wọn, Màmá á ní, "Ṣé ebi mọ ẹ̀sìn ni? Bu ògì fún un, jẹ́ n gbádùn."

Gáàsì wà nínú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe ọ̀gá níléeṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, ti ra gáàsì olójú mẹ́rin fún Màmá tipẹ́tipẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre fún un títí, wọ́n sì tẹ́ aṣọ lé e lórí, wọ́n gbé rédíò ka ibẹ̀. Wọ́n ní àkàrà tí kò bá gbóòórùn igi, bọ́ọ̀lù ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oṣù tí iná ń jó ni mo fẹ́ sọ. Àwọn oṣù tí kò sí iná nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà lórí àdògán náà. Bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti kọjá, tí gbogbo ara rẹ̀ ti tutù, Màmá á kó eérú inú rẹ̀, wọ́n á sì gbá a mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀ bí ìyá ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ tó ṣubú, wọ́n á máa wá ibi tó ti sán. Wọ́n á wá mú ṣíbí onírin kan tí etí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n á máa ha á. Gbogbo ibi tí iná ti jẹ, gbogbo amọ̀ àtijọ́ tó ti di dúdú, wọ́n á ha á dànù pátápátá. Ìgbà tí wọ́n bá ha á tán ni wọ́n tó ń po tuntun, amọ̀ pupa pẹ̀lú ẹlẹ́bọ́tọ màlúù, nítorí ẹlẹ́bọ́tọ ni kì í jẹ́ kí amọ̀ sán. Bí wọ́n bá kùn ún tán, tó gbẹ díẹ̀, wọ́n á fi òkúta dídán kan yí i títí á fi máa kọ mọ̀nà. Bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n kùn ún láìha á, kí a lè tètè ṣe tán, wọ́n á ní, "Ẹni tó bá ń kùn tí kò ha, ó ń sé e lẹ́nu ni. Ṣé o fẹ́ kí ebi pa á ni?" Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é báyìí: lẹ́yìn Ìtúnu, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú un sán, àti nígbà tí ààwẹ̀ bá ti ń kanlẹ̀kùn.

Ta ni ó ń lọ wá ẹlẹ́bọ́tọ? Èmi ni. Aṣọ ni mo ń tà ní Dùgbẹ̀, aṣọ olówó iyebíye, tí mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlà wa. Èmi yìí náà ni mo máa ń gbé àpò ẹlẹ́bọ́tọ wọ kẹ̀kẹ́, tí àwọn èrò á máa di imú mú, tí mo sì máa ń wo iwájú bí ẹni tí kò gbóòórùn nǹkan kan. Obìnrin kan bi mí nígbà kan pé, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan tó kú lábẹ́ àga yín?" Mo ní kó bi dẹ́rẹ́bà.

Ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ wá ńkọ́! Abọ́ tánganran tó bá fọ́ nínú ilé wa kì í dé orí àkìtàn. Màmá á ṣa àfọ́kù rẹ̀, wọ́n á fi òkúta gbo etí rẹ̀ kó má gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ó rí òdòdó aláwọ̀ aró níhìn-ín, ẹ ó rí etí ife tíì lọ́hùn-ún. Nígbà Iléyá, tí àwọn obìnrin bá ń lé làálì sọ́wọ́ sẹ́sẹ̀, Màmá á bu nínú tiwọn, wọ́n á lé e sí iwájú àdògán. Àdògán tí wọ́n ń lé làálì fún! Ààfáà tó ń gbé ilé kejì sí wa yọjú láti orí ògiri lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Àlájà, ta lẹ fẹ́ gbé ìyàwó yìí fún?" Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ san owó orí ná, Ààfáà."

Báyìí la ṣe ń gbé e títí di ọdún tó kọjá.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo rí i tí Màmá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, amọ̀ dé ìgùnpá wọn. Wọ́n ń kun àdògán. Mo ní, "Màmá, ẹ kun èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ ìsọkúsọ. Wọ́n ní, "Èmi kẹ̀? Ààwẹ̀ di ọ̀la, o ní mo ti kùn ún." Ààwẹ̀ tó jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ túnu rẹ̀ ni! Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré, nítorí Màmá mi jẹ́ aláwàdà. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún kùn ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, bákan náà.

Àbúrò mi gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bi Màmá léèrè ọjọ́, ó bi wọ́n léèrè oṣù, ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá. Màmá dá a lóhùn pé ṣé dókítà gan-an ò mọ ọjọ́ ni, tó fi ń bi àgbàlagbà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní kí Màmá lọ jókòó síta, dókítà sọ fún wa pé àrùn ìgbàgbé ni, pé kò sí oògùn tó lè dá ohun tó ti lọ padà, pé á máa pọ̀ sí i ni. Ó ní ká máa fi sùúrù bá wọn lò. Sùúrù! Bí ẹni pé a lè rà á ní Bódìjà ká wọ̀n ọ́n ní kóńgò. Mo bínú sí dókítà náà gidi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ló ṣe mí?

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yọ́ lọ lára Màmá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbàgbé orúkọ mi. Wọ́n gbàgbé pé bàbá wa ti kú, wọ́n á gbé oúnjẹ pa mọ́ dè wọ́n, wọ́n á máa ṣépè fún ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n tètè wálé. Ohun kan ṣoṣo ni kò kúrò lọ́kàn wọn, pé ààwẹ̀ ń bọ̀, pé àwọn sì gbọ́dọ̀ dáná ìṣínu fún àdúgbò. Ìyẹn ni wọ́n ń jí sí, ìyẹn ni wọ́n ń sùn sí. Èmi náà wá sọ ọ́ di àdúrà. Mo mọ̀ pé mi ò lè gba Màmá lọ́wọ́ ìgbàgbé, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí wọ́n tún jókòó sídìí àdògán yìí lẹ́ẹ̀kan sí i lóṣù ààwẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n din àkàrà, kí ẹnì kan jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wu ìgbàgbé kó kó lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbé náà ṣe ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ó mú híha lọ, ó fi kíkùn sílẹ̀. Màmá ò rántí ṣíbí onírin mọ́, wọn ò rántí pé ó yẹ kí amọ̀ àtijọ́ kúrò kí tuntun tó dé. Wọ́n kàn ń kùn ún ni, amọ̀ lórí amọ̀, àfọ́kù lórí àfọ́kù. Àdògán bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ojú agbada kéré, ojú ìkòkò kéré. Ẹnu tí à ń ki igi bọ̀, tí adìyẹ ti sàba nínú rẹ̀ rí, ń pa dé lójú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sì ń rẹwà sí i! Òun ló dùn mí jù. Ọwọ́ wọn ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dán an, ó ń kọ mọ̀nà ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Mo kó amọ̀ pa mọ́. Nígbà tí mo máa fi ti ọjà dé, amọ̀ tuntun ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo lọ bá mẹ́gáàdì wa, ọmọ Hausa tó ti ń jẹ ìṣínu Màmá láti ìgbà tó ti dé Ìbàdàn, mo fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ta ló ní kó o wa amọ̀ wá?"

Ó ní, "Àlájà ló rán mi."

"Ṣé o ò rí i pé ara wọn ò yá ni?"

"Mo rí i, Ìyá. Ṣùgbọ́n Àlájà ní, 'Ọmọ mi, lọ bá mi wa amọ̀.' Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní mi ò lọ?"

Èmi tí mo bí ọmọ, tí ọmọ mi ti bí ọmọ, ṣé èmi náà lè ní mi ò lọ?

Mo lọ ra àdògán onírin lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ní àdúgbò Challenge, tó lágbára, tó lè gba agbada ńlá. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti alámọ̀, mo ní kó lè mọ́ wọn lára. Màmá sá aṣọ ìnura sórí rẹ̀. Nígbà tí mo ní, "Màmá, àdògán yín tuntun rèé," wọ́n ní, "Èyí? Ó dára fún aṣọ."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n sùn lọ lọ́sàn-án. Mo bá mú ṣíbí, mo jókòó sídìí àdògán náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹnu rẹ̀. Ó le! Amọ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ti dà bí búlọ́ọ̀kù. Mo ń ha, mo ń làágùn, eruku ń wọ̀ mí lójú. Mi ò tíì ha ju bí ìbú ìka kan lọ tí mo fi gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáàfin."

Mo yíjú padà. Màmá ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi! Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ. Èmi ò mọ ohun tó ṣe yín. Bó bá jẹ́ èéfín rẹ̀ ló ń wọlé yín, ẹ foríjì mí. Oṣù kan péré ni mo ń dáná. Ẹ má fọ́ ọ, Ìyáàfin, Ọlọ́run á bù kún yín."

Èèwọ̀! Ẹni tó bí mi ń kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó ń pè mí ní ẹ̀yin. Mo ju ṣíbí dànù, mo dojú bolẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Màmá, èmi ni, ọmọ yín ni, ẹ dìde, ẹ má fi mí ré." Bí mo ṣe ń wólẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹrí ba sí i, wọ́n rò pé mò ń bínú ni. Àwa méjèèjì wà nínú eruku yẹn, tí ìyá ń bẹ ọmọ, tí ọmọ ń bẹ ìyá, títí mẹ́gáàdì fi wá gbé wọn dìde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti fi amọ̀ tuntun dí ibi tí mo ha, wọ́n sì fi kún un.

Mo pe àbúrò mi, mo ní kó wá wo nǹkan tí mò ń fojú rí. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, ó yí àdògán náà po, ó káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ wò níléeṣẹ́ wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ mú Màmá wọlé, ẹ fún wọn ní oúnjẹ. N ó fi irin gbẹ́ ẹnu rẹ̀ padà, kí wọ́n tó jẹun tán."

Mo ní, "Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ẹ máa wò mí."

Ó gbé òòlù àti irin tó mú lẹ́nu, ó sì lù ú. Èmi wà nínú ilé, mò ń fi ọ̀rọ̀ dí Màmá lójú, mò ń sọ ìtàn ìgbà èwe mi fún wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ọ bí ìtàn ọmọ ẹlòmíràn. Lójijì ni ohun kan ró gbì. Odindi apá kan iwájú àdògán ló jábọ́, pẹ̀lú gbogbo àfọ́kù ara rẹ̀. Màmá dìde. Ẹsẹ̀ wọn tó ti ń wọ́ láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ ibi tó ti rí agbára. Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo àbúrò mi. Wọ́n tẹ́ ìró wọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn àfọ́kù náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fẹ́ eruku kúrò lára wọn. Wọ́n gbé e mọ́ àyà wọlé. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹun lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá gbé ṣíbí sí wọn lẹ́nu, wọ́n á yí ojú sí ògiri.

Àbúrò mi wọnú mọ́tò rẹ̀, kò sì wa ọkọ̀ lọ. Mo lọ bá a, mo rí i tó gbórí lé ọwọ́ lórí sítíárìn ọkọ̀, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ọ̀gá ńlá! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò purọ́, mi ò mọ̀ lóòótọ́. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn láti ojú fèrèsé. Ká fọ́ ọ, á pa wọ́n. Ká fi í sílẹ̀, kò ní gba iná mọ́. A ò ní ọ̀nà kẹta.

Nígbà tí Màmá padà jẹun, wọ́n po amọ̀, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ mọ. Ó tún nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Wọ́n kéde pé wọ́n ti rí oṣù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀, mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kígbe láti ilé ìdáná pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti rẹ ẹ̀wà?"

Ara mi bù máṣọ. Mo sáré jáde. Màmá dúró níbẹ̀, wọ́n ti de gèlè wọn, ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n pe orúkọ mi. Orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n pè é bí ẹni pé àná ni wọ́n pè é kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò mí sí? Ààwẹ̀ ti ń pa ọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù ni?"

Mi ò lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A jókòó, a jọ ń bó ẹ̀wà. Wọ́n bú mi pé mò ń bó o bí ẹni tí kò ní ìyá, pé èèpo pọ̀ nínú tèmi. Mo ní, "Ẹ máa bú mi lọ, Màmá." Inú mi dùn débi tí mi ò mọ̀ pé omi ń bọ́ lójú mi títí wọ́n fi ní àlùbọ́sà kọ́ la ń gé. Mo rán mẹ́gáàdì kó lọ sọ fún àdúgbò pé Àlájà máa dáná. Mo lọ sọ́jà pákó, mo bẹ ẹnì kan kó la igi fún mi wẹ́wẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, nítorí mo mọ ẹnu tí wọ́n fẹ́ kì í bọ̀. Mo ti rò ó pé bí iná bá ṣáà ti jó níbẹ̀, bó tilẹ̀ kéré bí iná àbẹ́là, ó ti tó.

Lẹ́yìn ìrun Àlásárì, a ṣí páánù. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sẹ́nu géètì pẹ̀lú abọ́ wọn. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n wo igi tí mo kó wá. Wọ́n ní, "Kí lèyí? Ṣé pákò lo fẹ́ kí n fi din àkàrà ni?" Àwọn tó wà ní géètì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, wọ́n fa ògbólógbòó igi kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń lò látijọ́. Wọ́n ki igi náà bọ ẹnu àdògán. Kò wọlé. Wọ́n yí i, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í. Kò wọlé. Wọ́n mú igi wẹ́wẹ́ tèmi, wọ́n ti mẹ́ta níbẹ̀, ó sì kún. Kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà, mo ṣá iná sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó kú lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n fi igi sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ẹnu àdògán náà yíká, jẹ́jẹ́, níbi tí amọ̀ ti ń dán. Mo rí i nígbà tí ojú wọn yí padà. Mo rí i bí ẹni tó rí ọkọ̀ tó ń ṣí lọ, tí kò lè sá bá a.

Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ iṣẹ́ o." Wọ́n wá gbójú sókè sí mi. "Ṣé ẹ rí i, Ìyáàfin? Ó ti dí ẹnu rẹ̀ pa. Kò fẹ́ dáná mọ́. Ó lè ti rẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni àdògán yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí àlejò tó ṣì í mọ̀. Wọ́n ní, "Èmi kẹ̀? Rárá o. Èmi wá ràn án lọ́wọ́ ni. Èèyàn dáadáa ni." Wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo fà wọ́n dìde. Wọ́n gbọn eruku kúrò lára ìró wọn, wọ́n rọra rìn lọ sí géètì, níbi tí àwọn èèyàn dúró sí. Mo tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n kí gbogbo wọn kú ààwẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má dúró mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá tó ń fún yín lóúnjẹ ò sí níbí mọ́."

Mẹ́gáàdì wa ló kọ́kọ́ tẹrí ba. Ó ní, "A ti gbọ́, Àlájà. Ẹ ṣeun." Ó dojú abọ́ rẹ̀ bolẹ̀, ó gbé e mọ́ ìhà. Àwọn yòókù dúpẹ́, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá sì ń juwọ́ sí wọn títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá. Mo dúró sẹ́yìn wọn.